Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olóyè ẹgbẹ́ aláró wa l'Óṣogbo: ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ ẹnì kan gba àmì gbogbo wa

Ẹ̀yin ìyá wa, Ìyá Ẹgbẹ́, akọ̀wé, akápò àti gbogbo ẹ̀yin olóyè, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà wa. Mo mọ̀ pé ilé ló yẹ kí n wá bá yín, kì í ṣe kí n máa kọ lẹ́tà síta, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kan aládìrẹ tó wà l'Ẹ́dẹ, ó kan èyí tó wà l'Ábẹ́òkúta, ó tún kan ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó ń lẹ lébẹ̀ẹ̀lì mọ́ ọ̀rá l'Ọ́jà Ọba, ìdí tí mo fi kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Ní mítìnì tó kọjá ẹ ní ká ní àmì kan ṣoṣo tí gbogbo wa á máa lò, ká kọ "Àdìrẹ Òṣogbo" sí i, ká ya ìkòkò aró sábẹ́ ẹ̀, ká wá lọ gba trademark ẹ̀, ìyẹn ìwé pé àwa la ni àmì náà lójú òfin, l'Ábújá kí àwọn tó ń kó aṣọ oní-máṣíìnì wọ̀lú yéé fi orúkọ wa tajà. Àtẹ́wọ́ ni mo pa, èmi gan-an ni mo pariwo jù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹnì kan dìde tó ní kí ọmọ wa kan tó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa fi orúkọ ara ẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù náà, pé ìyẹn á yá ju ká máa dúró de ìwé ẹgbẹ́ lọ, pé tó bá ti jáde a ó jọ máa lò ó ni. Gbogbo ilé ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mi ò la ẹnu, torí ó ti rẹ̀ wá, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, àmọ́ nígbà tí mo délé mi ò rí oorun sùn.

Ẹ jẹ́ kó yé yín, mi ò pe ọmọ yẹn lólè. Ọmọ dáadáa ni, òun ló ń bá wa gbé àwòrán aṣọ wa sórí Instagram, kò sì gba kọ́bọ̀ rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn ni òfin mọ̀. Òfin ò mọ ohun tí a jọ sọ ní mítìnì. Mo mọ̀ ọ́n torí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ẹ ṣáà mọ agbe mi. Ìyá mi ló máa ń kì í bó ṣe ń rẹ aṣọ, agbe ló laró, kì í ráhùn aró, torí ẹ̀ ni mo ṣe fi ẹyẹ yẹn ṣe àmì nígbà tí mo dá dúró. Ìdí bàtà sílípáàsì ni mo fi abẹ gbẹ́ ẹ sí. Ẹ̀kọ láfún ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ sí igun aṣọ kó tó wọ aró, tí aṣọ bá ti gbẹ tí a bá ha ẹ̀kọ yẹn kúrò, agbe funfun kan á jókòó síbẹ̀ rekete. Lọ́jọ́ tí mò ń gbẹ́ ẹ, abẹ yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó gé ṣóńṣó ẹnu ẹyẹ náà díẹ̀, mo ní mi ò ní gbẹ́ òmíì, ẹnu gígé yẹn náà ló wà lórí gbogbo aṣọ tí mo ti tà látìgbà yẹn.

Ọjọ́ kan kọ́sítọ́mà mi kan gbé aṣọ wá, ojú ẹ̀ le, ó ní aṣọ yín ti ṣí o, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fọ̀ ọ́. Mo gba aṣọ náà, mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ síwájú, ó funfun. Àdìrẹ tí aró mu, ẹ̀yìn ẹ̀ àti iwájú ẹ̀ kì í jìnnà síra wọn, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ìtẹ̀ ẹ̀rọ ni. Mo wá wo igun aṣọ, agbe mi rèé. Mo tẹ́ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ò ní gbà á gbọ́, ẹnu tiwọn náà gé. Ibi tí abẹ mi ti yọ̀ gan-an ni wọ́n gé tiwọn dé. Ara mi tutù. Wọn ò kàn wo àmì mi kí wọ́n ṣe èyí tó jọ ọ́, aṣọ mi ni wọ́n tẹ́ síwájú tí wọ́n ń wò dà á kọ.

Mo sáré já sàtífíkéètì CAC mi, ìwé tí mo fi forúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, lára ògiri, ó wà nínú férémù ẹ̀, mo gbé e lọ bá lọ́yà kan l'Ókè-Fìà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọdé ni lọ́yà náà, ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó kà á tán ó ní, "Mọ́mì, ìwé yìí ń sọ pé ẹ ní ṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ orúkọ báyìí ni. Kò sọ pé ẹ̀yin lẹ ni agbe." Mo ní kí ló dé? Ó ní CAC ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, àmì ọjà ní ọ́fíìsì tiẹ̀ lọ́tọ̀, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìdókòwò l'Ábújá, rẹ́jísítà tiwọn, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ àwọn àmì sí, lọ́tọ̀, òfin tiwọn lọ́tọ̀, òfin kan tó ti wà láti ọdún 1965. Mo bi í pé ṣé mi ò lè pe àwọn èèyàn yìí lẹ́jọ́? Ó ní mo lè pè wọ́n, àmọ́ kì í ṣe ẹjọ́ pé wọ́n ji àmì tí mo ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, torí mi ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Èyí tó kù fún mi ni kí n lọ sọ fún adájọ́ pé wọ́n ń ta ọjà wọn bí ẹni pé tèmi ni, mo sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé àwọn èèyàn mọ agbe yẹn mọ́ mi, pé wọ́n tan àwọn èèyàn jẹ, pé ó pa mí lára. Ẹni tó ní sàtífíkéètì trademark lọ́wọ́ ò ní gba gbogbo ọ̀nà yẹn.

Ìyẹn gan-an ò tíì dùn mí tó èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ní kí òun kọ́kọ́ ṣe sẹ́ẹ̀ṣì, ìyẹn ni kí wọ́n bá wa yẹ rẹ́jísítà wò l'Ábújá bóyá irú àmì bẹ́ẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀! Àwòrán agbe, lábẹ́ kíláàsì 24 (ìpín tí wọ́n pín ọjà sí ni wọ́n ń pè ní kíláàsì), kíláàsì aṣọ. Ẹni tó forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ni ọ̀gá kan tó máa ń wá kó aṣọ lọ́wọ́ èmi fúnra mi, ọgọ́ta ọgọ́ta, tó ń pè mí ní ìyá mi, tó jẹ ìrẹsì nílé mi lọ́jọ́ ìkómọ. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ níbí, ẹjọ́ wà nílẹ̀.

Mo bi lọ́yà léèrè pé báwo ni wọ́n ṣe gbà fún un, ṣé wọn ò ní kó mú aṣọ kankan wá ni? Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa rèé. Òfin ní ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun lòún ni àmì kan, tó ń lò ó tàbí tó ní lọ́kàn láti lò ó, lè kọ̀wé pé kí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Tàbí tó ní lọ́kàn. Kò dìgbà tó bá ti ta ọ̀pá kan. Kò dìgbà tó bá ti ki ọwọ́ bọ aró rí láyé ẹ̀. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jọ ti ẹlòmíì tó ti wà nínú rẹ́jísítà, bóyá ó ń tan èèyàn jẹ, bóyá òfin gbà á, tí wọn ò bá rí nǹkan kan wọ́n á gbé e jáde nínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Trade Marks Journal, látọjọ́ yẹn ẹni tí inú ẹ̀ ò bá dùn sí i ní oṣù méjì láti kọ̀wé pé òun ò gbà. Oṣù méjì péré. Ta ló ń ka ìwé yẹn l'Ọ́jà Ìgbọ̀nà? Oṣù méjì tèmi ti kọjá lọ kí n tó mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Ọlọ́run ló ṣe é tí òfin ṣì fi àyè kan sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá ti ń lo àmì láìdáwọ́ dúró kí ẹlòmíì tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kó sì tó forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, olórúkọ yẹn ò lè ní kó má lò ó mọ́. Mo ṣì lè bẹ kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀, ẹ̀ka wọn wà l'Óṣogbo níbí, pé kí wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú rẹ́jísítà. Àmọ́ kì í ṣe ohun téèyàn á fi falẹ̀, torí tí ọdún 7 bá ti pé lórí àmì tó wà ní apá kìn-ín-ní rẹ́jísítà, èyí tí wọ́n ń pè ní Part A, ó ti le gan-an láti ṣí i nídìí, àfi téèyàn bá fi hàn pé jìbìtì ló fi gbà á tàbí pé ó jẹ́ irú àmì tí òfin kọ̀ pátápátá. Rìsíìtì tí mo ti sọnù ni mo wá ń ṣa báyìí. Aṣọ tí mo ta fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún mélòó sẹ́yìn, mo lọ tọrọ ẹ̀ padà torí agbe tó wà ní igun ẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó àwọn èèyàn ni mò ń wò kiri nínú fóònù.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ àmì ẹgbẹ́ wa yẹ̀ wò báyìí. Tó bá jẹ́ orúkọ ọmọ wa yẹn ló wọ rẹ́jísítà, òun nìkan ló láṣẹ láti lò ó lórí irú ọjà tí wọ́n kọ ọ́ fún. Òun ló lè dá èmi dúró, ó lè dá ẹ̀yin náà dúró. Ó lè tà á, òfin gbà á láyè kó tà á bí ilẹ̀. Kódà tí òun fúnra ẹ̀ ò ní irú ẹ̀ lọ́kàn, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, ó lè jẹ gbèsè, ó lè ṣàìsàn, tí Ọlọ́run bá sì pè é (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i), ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ ló máa jogún ẹ̀, àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ń gbé, tí wọn ò mọ ẹnì kankan nínú wa. Ṣé ká wá lọ bẹ àwọn yẹn pé kí wọ́n jẹ́ ká kọ Òṣogbo sára aṣọ?

Nǹkan míì wà tí ẹ ò tíì gbọ́. Lọ́yà ní bí a ṣe fẹ́ kọ ọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà, kí owó wa sì gbé. Òfin ní ohun tí wọ́n lè forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ni orúkọ èèyàn tàbí iléeṣẹ́ tí wọ́n kọ lọ́nà àrà, tàbí bí ẹni náà ṣe ń fọwọ́ sí ìwé, tàbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fúnra wọn dá sílẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ tí kò sọ bí ọjà náà ṣe rí ní tààrà tí kì í sì í ṣe orúkọ ìlú tàbí orúkọ ìdílé, tàbí àmì míì tó bá ti dá yàtọ̀. "Àdìrẹ" ń sọ ohun tí ọjà jẹ́. "Òṣogbo" sì jẹ́ orúkọ ìlú. Òfin ò fẹ́ kí ẹnì kan gba ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníṣòwò nílò lọ́wọ́ wọn, òfin yẹn sì tọ́ lójú tèmi. Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa ń gbà á ni, ìbá ti pẹ́ tí ẹnì kan l'Ékòó ti gba Òṣogbo lọ. Torí ẹ̀ náà ni mi ò fi fara mọ́ ohun tí ẹnì kan sọ lọ́jọ́ náà pé ká kó Olókun àti Ìbàdàn dùn, àwọn àwòrán àdìrẹ àtijọ́ yẹn, mọ́ ọn. Ta ni nínú wa ló bí Olókun? Àwọn tó kọ́kọ́ fi ìyẹ́ adìẹ fa Ìbàdàn dùn, tí wọ́n ya òpó Mápó sínú ẹ̀, wọ́n ti lọ tipẹ́, wọn ò fi í sílẹ̀ fún ẹnì kan. Ká fi wọ́n sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Àmọ́ ọ̀nà kan wà, ayọ̀ ọ̀nà yìí ló jẹ́ kí n lè kọ lẹ́tà yìí. Inú òfin yẹn kan náà, oríṣi àmì kan wà tí wọ́n ń pè ní certification trade mark, àmì ìjẹ́rìí ni ká pè é. Èyí kì í sọ pé ẹni báyìí ló ta aṣọ yìí, ó ń jẹ́rìí pé ibi báyìí ló ti wá, nǹkan báyìí ni wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí, bó ṣe dára tó nìyí. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn! Ẹgbẹ́ á ni àmì, ẹnikẹ́ni tí aṣọ ẹ̀ bá kúnjú òṣùwọ̀n á máa lò ó, yálà ìyá àgbà tó wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tàbí ọmọ yunifásítì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ lánàá.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ni irú àmì yìí ò gbọdọ̀ máa fúnra ẹ̀ ṣòwò irú ọjà tó ń jẹ́rìí sí. Ó sì mọ́gbọ́n dání, ẹni tó ń dájọ́ ò gbọdọ̀ máa bá wọn díje. Ìyẹn ni pé ọmọ wa yẹn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i rárá, torí aládìrẹ ni. Ìyẹn náà ni pé ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ wa tó ń tún un tà, a gbọ́dọ̀ jókòó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, mo mọ̀ pé ó máa dun akápò wa, owó ibẹ̀ ni a fi ra jẹnẹrétọ̀. Bóyá kí ṣọ́ọ̀bù yẹn kúrò lábẹ́ ẹgbẹ́, kó di ti àwọn tó bá fẹ́ dá owó sí i. Ẹ̀yin lẹ máa mọ èyí tó dáa jù, èmi ṣáà ń sọ pé kò ṣeé fò.

Èkejì, ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ jẹ́ èèyàn lójú òfin. Ìwé tí a ní lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ò tó, káàdì ẹgbẹ́ ò tó, yunifọ́ọ̀mù ò tó. A gbọ́dọ̀ lọ sí CAC ká forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn alámòójútó tí wọ́n ń pè ní incorporated trustees, òfin CAMA ti ọdún 2020, òfin tó ń darí iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ló wà nídìí ẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ máa tó lè ni nǹkan lórúkọ ara ẹ̀, tí olóyè kan bá sọ̀kalẹ̀ tí òmíì gorí oyè, àmì á ṣì wà níbi tó wà. Mo mọ̀ pé òun ni ìwé tó ń falẹ̀ tí ẹnì kan fi ní ká gba ọ̀nà àbùjá. Ó sàn ká dúró dè é.

Ẹ̀kẹta ni pé a ní láti kọ òfin lílò ẹ̀ sílẹ̀, a ó sì kó o fún wọn l'Ábújá, torí láìsí i wọn ò ní gbà á. Ibí yìí ni mo rò pé ariwo máa pọ̀ sí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọkàn mi. Kí ni Àdìrẹ Òṣogbo? Àwọn kan nínú ẹ̀yin àgbà máa ní àfi èyí tí wọ́n fi èlú rẹ, nínú ìkòkò, pẹ̀lú omi eérú. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ìyá mi ò rẹ irú òmíì rí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, mélòó nínú wa ló ṣì ń gún èlú? Kẹ́míkà àti kọ́sítíìkì sódà ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, tí a bá wá kọ òfin tó lé ara wa jáde, ta la ṣe é fún? Èrò tèmi ni pé ọwọ́ ni ká dì mú: iko tí ọwọ́ so, ẹ̀kọ tí ọwọ́ fà, abẹ́rẹ́ tí ọwọ́ rán, aṣọ tí wọ́n rẹ ní ìlú yìí tàbí agbègbè ẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ bá tẹ̀, kò wọlé. Ẹni tó bá ń lo èlú, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ìyangàn, kó sì tà á lówó gọbọi.

Àmì ẹgbẹ́ ò sì ní kí kálukú má gba tiẹ̀ o. Tí o bá ní àmì tìẹ tí o dá sílẹ̀, tètè lọ. Kọ́kọ́ ṣe sẹ́ẹ̀ṣì, lọ́yà tàbí ejẹ́ǹtì tí wọ́n mọ̀ l'Ábújá á bá ẹ kọ ọ́, rí i dájú pé orúkọ tìẹ ló kọ sí ibi ẹni tó ni àmì, má ṣe jẹ́ kó jẹ́ ti télọ̀ tàbí ti ẹni tó bá ẹ ya àwòrán. Yan kíláàsì tó bá ẹ mu: aṣọ tí a ò tíì rán, tí a ń tà ní ọ̀pá, wà ní 24, aṣọ rírán bíi bùbá àti dàńṣíkí wà ní 25, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ká ní mo ti mọ̀ ni, ǹ bá ti gba méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn àlejò ní aró rírẹ nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògún, iṣẹ́ téèyàn ń ṣe fún èèyàn náà ti wọ abẹ́ òfin trademark, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí ààrẹ fọwọ́ sí àtúnṣe òfin. Tí wọ́n bá fún ẹ ní sàtífíkéètì, ọjọ́ tí o kọ̀wé ni wọ́n máa kà sí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọdún 7 ni àkọ́kọ́, tí o bá tún un ṣe ó di ọdún 14, 14. Má sì gbé e pamọ́, tí ọdún 5 bá kọjá tí o ò lò ó, ẹlòmíì lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ lẹ́tà R tó wà nínú òbìrípo, èyí tó ń sọ pé a ti forúkọ àmì náà sílẹ̀, sára ọ̀rá láì tíì gba nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa á rẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kẹ́ ẹ pe ọmọ wa yẹn kó má tíì fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́. Tó bá ti fi ránṣẹ́, kó yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó gbé e jáde nínú journal, ẹ dá owó tó ná padà fún un látinú àpò ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, torí kò ṣe nǹkan búburú. Kẹ́ ẹ wá yan èèyàn márùn-ún tó máa lọ bá lọ́yà lórí ìwé CAC. Èmi ó dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún sí i, ó ti wà nílẹ̀, akápò lè rán ọmọ wá gbà á lọ́la.

Lọ́jọ́ mítìnì, kẹ́ ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ń mú aṣọ méjèèjì bọ̀, tèmi àti tiwọn, mo ó tẹ́ wọn sórí tábìlì níwájú yín kí kálukú wo ẹnu agbe yẹn fúnra ẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín, aláró, láti Alékúwodò.